Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ihò ní Ìlú Àìsùn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ohùn mi kò ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, eékún sì ń dùn mí láti àná, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pariwo bí mo ti ń sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ lọ pa tirẹ̀ tán lẹ́yìn ilé kó tó padà wá jókòó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́tókun ni, olórí ọdẹ ìlú Ìdí-Ẹmì, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tí irun orí àwa méjèèjì ti funfun tán. Mo ti rí erin, mo ti rí ẹfọ̀n, mo ti bá iwin tó ń fi orí rìn pàdé lójú ọ̀nà tóóró, èmi kọ́ ni mo sì yà fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú Ọdẹ́tókun rí ju tèmi lọ. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí ọdẹ gbà pé ọdẹ mìíràn ju òun lọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣà kan fún yín, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìdí-Ẹmì, bí àwọn ọdẹ bá lọ dẹ ihò ìmàdò tó ní ẹnu méjì, wọn a fi ẹnì kan sí ẹnu kejì kó máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò. Òjò ìbáà rọ̀, ìjàlọ ìbáà wọ̀ ọ́ láṣọ, kò gbọdọ̀ kúrò, àfi bí ẹni tó fi í síbẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá tó sì wí pé, “Ó tó. Gbé ìbọn kalẹ̀.” Ẹlòmíràn kò lè bá a sọ ọ́, baálẹ̀ pàápàá kò lè bá a sọ ọ́. Láyé ijọ́un, ẹnì kan kúrò lẹ́nu ihò kí wọ́n tó wá pè é, ìmàdò gba ibẹ̀ jáde, ó sì la ikùn ọkùnrin méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di èèwọ̀.

Ọdẹ́tókun ní àbúrò kan, Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n jọ lọ dẹ ihò. Ọdẹ́tókun fi àbúrò rẹ̀ sí ẹnu kejì, ó ní, “Má kúrò níbí o.” Àbúrò ní, “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.” Kò pẹ́ tí ìmàdò fi yọrí lọ́dọ̀ Ọdẹ́tókun, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹran náà ṣubú. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e. Wọ́n gbé e délé tijó tayọ̀, ẹmu dé, ìyìn dé, Ọdẹ́tókun sì mu ẹmu títí oorun fi gbé e lọ. Ó gbàgbé àbúrò rẹ̀ sẹ́nu ihò. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ rọra, ọtí ìyìn ti pa ẹni tó gbọ́n jù yín lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó sáré débẹ̀, kò bá ènìyàn, kò bá ìbọn. Ojú ẹsẹ̀ méjì ló bá, ó rì wọ ilẹ̀ ṣinṣin bíi ti ẹni tó dúró pẹ́, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan tó jáde kúrò níbẹ̀. Ojú ti Ọdẹ́tókun láti sọ òtítọ́. Ó délé, ó sọ fún ìyá wọn, Ọ̀jẹ́bísí, pé Ọdẹ́gbàmí fi ẹnu ihò sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ọdẹ́tókun lo ọdún méje.

Ní ọdún keje yìí ni àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń wá oyin kiri ya Ìdí-Ẹmì láti tọrọ omi. Ó ní òun ṣìnà wọ igbó kan, òun bá ìlú kan pàdé níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, wọ́n sì sọ fún òun pé ọdẹ kan dúró sẹ́nu ihò ní ìlú náà láti ọdún méje, kò jẹun, kò sùn, kò ṣẹ́jú. Ọ̀jẹ́bísí ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

“Ọdẹ́tókun,” ó ní, “àbúrò rẹ kò sá. Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mo bí. Ibi tí o fi í sí ló wà. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ni kó lọ gbé e kúrò níbẹ̀.”

Ọdẹ́tókun dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ẹní ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Màmá, n ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Ẹ dúró dè mí. Ẹ má lọ títí n ó fi mú un dé.”

“N ó dúró,” ìyá wí. “Ṣùgbọ́n má pẹ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

N kò ní fi òkè àti odò dá yín lágara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ti jìn tó, kó lọ rìn ín. Ọdẹ́tókun kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ fún mi pé nígbà tí òun fi máa dé ẹnubodè ìlú náà, bí wọ́n bá ní kí òun dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gún, òun ò ní bèèrè irọ̀rí.

Láàárín igi àràbà méjì ni ẹnubodè náà wà. Iwin kan tí kò ní ojú, tó jẹ́ kìkì etí láti iwájú dé ẹ̀yìn orí, ló jókòó síbẹ̀.

“Ta ni ìwọ?” iwin bèèrè.

“Èmi ni Ọdẹ́tókun, ọdẹ Ìdí-Ẹmì.”

“Orúkọ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló lè jẹ́ Ọdẹ́tókun. Sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lo lè sọ ọ́. Bí o bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnubodè yìí yóò tì fún ọdún méje mìíràn.”

Ọdẹ́tókun wú àyà rẹ̀. Ó fẹ́ sọ bí òun ṣe fi ọta kan ṣoṣo pa ẹkùn àti ìyàwó ẹkùn. Ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rárá. Ó rò pé wọ́n ti sọ òun di odi. Ó fọwọ́ di ọ̀fun mú, ó ń wo iwin náà tìyanu-tìyanu.

“Fara balẹ̀,” iwin ní. “Níbí yìí, a kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ti ẹkùn yẹn kì í sì í ṣe àṣírí, o ti sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu.”

Ó sọ èkejì, orúkọ ewé tó ń fi sínú gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀. Iwin ní ìyàwó rẹ̀ mọ ewé náà, òun ló ń bá a já a. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ọdẹ́tókun jókòó sílẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó rántí ojú ẹsẹ̀ méjì tó rì wọ ilẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì sọ ọ́ láìsí ohùn pé, “Àbúrò mi kò sá. Mo mutí, mo gbàgbé rẹ̀.”

Ọdún méje ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, àyè kan kò sí tó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹnubodè ṣí. Iwin kò bú u, kò sì tù ú nínú, ó kàn ní kó máa lọ.

Ó wọ ìlú Àìsùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sán gangan ló ń ṣe níbẹ̀, ọ̀sán gangan náà ló sì ti ń ṣe láti ọdún méje. Oòrùn dúró lójú kan ṣoṣo lókè, kò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kò padà sí ìlà-oòrùn. Àwọn ará ìlú ń rìn kiri, ojú wọn là kedere, ó sì pọ́n bí èso ata. Ó rí onígbàjámọ̀ kan tó fá ìdajì orí oníbàárà rẹ̀, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí ìdajì tó ti fá. Ó rí obìnrin kan tó gbé ọmọ odó sókè, tó sì ń wo ìsàlẹ̀ odó bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Bí o bá kí wọn pé “Ẹ káàsán,” wọn a dáhùn pé “Ó dàárọ̀ o,” wọn a sì bú sẹ́kún nítorí pé ó wù wọ́n kó jẹ́ òótọ́.

Ó bèèrè ọdẹ tó dúró sẹ́nu ihò, wọ́n sì júwe ilé kan fún un ní àárín ìlú. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò ní fèrèsé, ó sì ń hùn láti inú bí ilé oyin. Obìnrin àgbàlagbà kan ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ otútù lọ́rùn rẹ̀ nínú ọ̀sán gangan yẹn, ìdì kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí rẹ̀. Àrìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, òun ni olùtọ́jú ẹ̀rọ ìlú náà.

“Ẹ kú ìrìn,” Àrìnkẹ́ ní. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó tì mí, torí bí mo bá rí ẹni tó jókòó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn, n kò sì rí oorun sùn.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù fún ẹni tó ti rẹ̀,” Ọdẹ́tókun dáhùn. “Kí ló wà nínú ilé yìí?”

Ó mú un wọlé. Otútù ibẹ̀ ń ta ènìyàn bí ọyẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá kan ló dúró níbẹ̀, ó ga bí ìrókò, àwọn iná wínníwínní bí ẹgbẹ̀rún ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní sáfà. Àrìnkẹ́ ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè ní gbogbo agbègbè náà, bí òjò yóò ṣe rọ̀, bí ọmọ òun ṣe wà lẹ́yìn odi, yóò kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ìbéèrè náà yóò sì fò wá gba ihò kan wọ inú ẹ̀rọ ńlá yìí. Nínú rẹ̀ ni àwọn iwin òṣìṣẹ́ wà, wọ́n pọ̀ bí èèrùn, wọn a sáré lọ mú ìdáhùn wá láti inú àká.

“Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í sùn, orí rẹ̀ á dàrú,” Àrìnkẹ́ ní. “Èyí ti dàrú. Ẹni tó bèèrè òjò, ó ń fún un ní iye ewúrẹ́. Ó yẹ ká pa á, kó sinmi, ká sì tún un tàn. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ ìpa sí i, gbogbo òṣìṣẹ́ á gbé ẹrù sílẹ̀ tán, á wá ku ẹnì kan. Ẹ̀rọ á ní òun ń dúró dè é. Mo ti dúró títí, ó rẹ̀ mí. Àwọn tó kù náà á dúró títí, á sú wọn, wọn á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá sì sùn, ìlú yìí kò lè sùn.”

“Ẹ fa okùn iná rẹ̀ yọ,” Ọdẹ́tókun ní.

“Ohun tó bá wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì kó sí àká á dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á sì bá a lọ.” Ó wò ó lójú. “Ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin làwọn mìíràn nínú wọn. Ẹ̀rọ máa ń jí ẹni tó bá lè dúró síbi iṣẹ́ láìkúrò gbé.”

Ọdẹ́tókun ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ han òun.

Kì í ṣe ojú tí ń dán tó ní àwòrán, tí ènìyàn ń fi ìka tọ́ kiri. Ojú dúdú kan ni, ó dúdú bí ìkòkò àgbo, ọ̀pá funfun kékeré kan sì ń ṣẹ́jú ní igun rẹ̀, ó ń retí. Lábẹ́ rẹ̀ ni pátákó àwọn lẹ́tà wà. Ọdẹ́tókun ka ìwé dé pírámárì mẹ́ta, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò fi ìyẹn yangàn láàárín àwọn ọdẹ. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa iná orí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀rọ ńlá. Ẹ kú otútù. Ọdẹ́tókun ni mí láti Ìdí-Ẹmì, a kì í bá yín du ọ̀nà, mo wá bẹ̀ yín ni.”

Àrìnkẹ́ ní kó tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún, èyí tí wọ́n ń pè ní “Ó yá.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ ọ́ jáde pé: MI Ò MỌ ÀṢẸ TÓ Ń JẸ́ ẸKÚ-IṢẸ́.

“Ó bú mi ni?” Ọdẹ́tókun bèèrè.

“Kò bú yín. Kò gbọ́ ìkíni ni. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ má fi iyọ̀ sí i.”

Ó dun Ọdẹ́tókun. Ní ìlú tiwa, ẹni tí kò bá kí ọ kò ka ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Ó kọ ọ́ pé, FI ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ HÀN, ó sì tẹ Ó yá. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú dúdú náà, nọ́ńbà ni orúkọ wọn, iṣẹ́ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èkínní ń ka aago, èkejì ń ṣí àká, ẹ̀kẹta ń gbálẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ títí ó fi kan ẹ̀kẹtàdínlógún.

KẸTÀDÍNLÓGÚN. IṢẸ́: Ó Ń ṢỌ́ ẸNU IHÒ. Ó TI WÀ NÍBẸ̀ LÁTI: ỌDÚN MÉJE. ẸNI TÓ FI Í SÍBẸ̀: ỌDẸ́TÓKUN. ÀṢẸ: MÁ KÚRÒ NÍBÍ O.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni, títí kan “o” tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rántí onígbàjámọ̀ àti obìnrin odó, ó rántí gbogbo ojú pípọ́n tó rí lójú ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé òun ló gba oorun lójú gbogbo wọn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó sunkún níbẹ̀, ó ní òun kò tijú rẹ̀.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó kọ ọ́ pé, DÁ KẸTÀDÍNLÓGÚN DÚRÓ. Ẹ̀rọ ní: O KÒ NÍ ÀṢẸ. Àrìnkẹ́ mú fìlà kan kúrò lára ògiri, fìlà àgbà ni wọ́n ń pè é. Ó dé e sí Ọdẹ́tókun lórí.

“Ẹ ṣọ́ra,” ó ní. “Ẹni tó bá dé fìlà yìí, ẹ̀rọ kì í bi í léèrè pé ṣé ó dá a lójú. Bí ẹ bá ní kó jó ilé yìí, á jó o.”

Ọdẹ́tókun tún un kọ. Ẹ̀rọ ní: KẸTÀDÍNLÓGÚN TI DÚRÓ. Inú rẹ̀ dùn, àfi bí ọ̀pá funfun náà ṣe ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta tí ọ̀rọ̀ mìíràn yọ: KẸTÀDÍNLÓGÚN TI PADÀ SẸ́NU IṢẸ́. Ó dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì, ó padà. Ó dá a dúró lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí kò fi mọ iye ìgbà mọ́.

“Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà,” Àrìnkẹ́ ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “PA. Ẹni tí ẹ bá kọ ọ́ sí kò lè padà. Ṣùgbọ́n kò ní ráyè gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. N kò kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni rí.”

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà láàárín wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ẹran tó bá fara gbọgbẹ́, tó ń jìyà, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń parí rẹ̀ ni, àánú ni. Ọdẹ́tókun ro ọdún méje láìsí oorun. Ó rò ó pé bóyá ohun tó kù nìyẹn tí òun lè ṣe fún un. Ìka rẹ̀ kọ ọ́ fúnra rẹ̀: PA KẸTÀDÍNLÓGÚN. Ó gbé ọwọ́ lọ sórí Ó yá. Àrìnkẹ́ yí ojú sí ògiri.

Ó ní ọwọ́ òun wà lókè bọ́tìnnì náà fún ìgbà tí ènìyàn lè fi jẹ iṣu kan tán. Ó tún wo ojú dúdú náà. Ó rí i pé kì í ṣe agídí ló ń dá àbúrò òun padà sẹ́nu ihò. Òun ti fi í síbẹ̀, òun kò tíì wá gbé e kúrò, ó sì ń gbọ́ràn. DÚRÓ tí òun ń kọ sí i, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ fìlà àgbà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ kó ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní: ỌDẸ́GBÀMÍ, ÈMI NI. Ó TÓ. GBÉ ÌBỌN KALẸ̀.

Ó tẹ Ó yá. Ó retí kí ẹ̀rọ sọ pé òun kò mọ àṣẹ náà. Ẹ̀rọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá funfun ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ pé: KẸTÀDÍNLÓGÚN Ń PALẸ̀ MỌ́. Ó tún pẹ́. KẸTÀDÍNLÓGÚN TI GBÉ ÌBỌN KALẸ̀.

“Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpa ẹ̀rọ báyìí,” Ọdẹ́tókun sọ fún Àrìnkẹ́, “ilé yín ni.”

Àrìnkẹ́ kọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ nǹkan kọ ọ́ parí, ẹni tó ń gbé ìdáhùn lọ gbé e dé ibi tó ń gbé e lọ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí àká, wọ́n ti ilẹ̀kùn àká. Ẹni tó ń ka aago ló ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: Ó TI PARÍ. Híhùn náà lọ sílẹ̀, iná wínníwínní kú, ojú dúdú di dúdú tòótọ́. Ìdákẹ́jẹ́ wọ ilé náà. Ní ìta, oòrùn gbéra lójú ibi tó ti dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ará ìlú kan sì yán, gbogbo wọn bá a yán.

Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn iwin jáde, àwọn ènìyàn kan jáde, wọ́n ń na ara. Ọdẹ́gbàmí ló kẹ́yìn. Ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ó fi ẹnu ìbọn dojú kọlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ìmàdò yẹn kò gba ọ̀dọ̀ mi jáde o.”

Ọdẹ́tókun tó jẹ́ àgbà ló wólẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀, ó gbá a mọ́ra lórí ilẹ̀ níbẹ̀. “Mo ti pa ìmàdò náà láti ọjọ́ yẹn,” ó ní. “Mo mutí. Mo gbàgbé rẹ, mo sì parọ́ mọ́ ọ fún Màmá.”

“Mo rò pé ó kàn pẹ́ ni,” Ọdẹ́gbàmí ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú.

Wọ́n sùn, gbogbo ìlú sùn, ẹlòmíràn sùn síbi tó dúró sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àrìnkẹ́. Pípa ẹ̀rọ ti di ṣíṣe, ó ku títàn, ẹni tó bá pa iná gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìṣáná wà. Ó tẹ kókó kan lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ hùn. Ó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ó ka ọwọ́, ó ka ẹsẹ̀, ó wo bóyá iyè rẹ̀ pé. Ó ṣí àká. Ó pe ẹni tó ń ka aago, ó pe ẹni tó ń gbálẹ̀. Àwọn iwin ń wọlé bí ó ṣe ń pè wọ́n. Nígbà tó kan ẹ̀kẹtàdínlógún, ó dúró. KÒ SÍ Ẹ̀KẸTÀDÍNLÓGÚN. TA NI YÓÒ ṢỌ́ IHÒ?

Ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí lọ sí ìbọn rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó lọ. Ọdẹ́tókun di ọwọ́ náà mú.

“Kò sí ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ihò títí ayé,” ó sọ fún Àrìnkẹ́. “Ẹ yan ọ̀kan lára àwọn ará ìlú fún tòní. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí ó tó wọlé: láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó sì lọ sílé. Lọ́la, kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀.”

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀, lẹ́yìn tó ti fá ìdajì orí tó kù. Àrìnkẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbà á. Obìnrin kan bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òjò máa rọ̀, ó ní òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Ó sì rọ̀. Ó bá Ọdẹ́tókun àti àbúrò rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń rìn lọ sílé, wọn kò yà sábẹ́ igi kankan.

Wọ́n dé Ìdí-Ẹmì. Àwọn obìnrin adúgbò tó ń tọ́jú Ọ̀jẹ́bísí pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kò jẹun mọ́, kò sùn, ẹnu ọ̀nà ló ń wò láti ọjọ́ tí Ọdẹ́tókun ti jáde. Wọ́n ní ìrora rẹ̀ pọ̀, àwọn ti bẹ̀ ẹ́ kó di ojú díẹ̀, ó ní òun ṣèlérí. Ọdẹ́gbàmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó pa orí rẹ̀, ó ní, “Mo wí fún wọn pé ọmọ mi kò sá.”

Gbogbo ilé rò pé ó máa sinmi báyìí. Kò sinmi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde pẹ̀lú agbára, ó ń wo Ọdẹ́tókun. Wọ́n fún un lómi, kò gbà á. Wọ́n yí irọ̀rí rẹ̀, ó tún ń wo Ọdẹ́tókun. Àwọn obìnrin ní bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan. Ọdẹ́tókun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ìyá ló fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló ń retí lẹ́nu òun. Irú ojú yẹn, ó ti rí i ní gbogbo ojú ọ̀nà ìlú Àìsùn.

Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tí òun ṣe nínú ìrìn-àjò náà, kò sí èyí tó le tó o. Ó wù ú kó gbádùn ìyá rẹ̀ fún ọdún kan sí i, fún oṣù kan péré. Ó sún mọ́ ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó ṣe dì í mú lọ́jọ́ tó ń lọ.

“Màmá,” ó ní, “mo ti dé. Mo ti mú un dé. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè mí. Ó tó. Ẹ gbé e kalẹ̀.”

Ọ̀jẹ́bísí mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ọdẹ́gbàmí dìde, ó tì í. Nígbà tó máa padà jókòó, ìyá ti sùn.

Ibẹ̀ ni mo bá ìtàn náà dé. Èmi ni mo pè yín jókòó síbí, ẹ kò sì dìde láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó báyìí. Ẹ máa lọ sílé yín.